Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìdánwò Ìwé Kíkà Ìyàwó Mi

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Àwọn Tí A Kò Fún Ní Ìwé Ìgbélùú,
Nẹ́dálándì.

Ọ̀gá mi,

Rotterdam ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi wà ní Ìsẹ́yìn, ó ń hun aṣọ òfì. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá síwájú yín.

Ìdánwò tí òfin ní kó yege kó tó lè wá bá mi pín sí mẹ́ta: sísọ èdè Dutch, kíkà á, àti ìmọ̀ nípa ìgbé ayé ní Nẹ́dálándì. Ó ti yege nínú sísọ àti ìmọ̀ ìlú. Nídìí òfì ló ti ń fi fóònù gbọ́ ẹ̀kọ́, tó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ìwé kíkà ló há a. Ìyàwó mi kò wọ ilé ìwé rí, ọ̀gá mi. Kò lè ka Yorùbá tó ń sọ láti kékeré, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Dutch. Olùkọ́ kan ń kọ́ ọ lálẹ́. Ó ti mọ A dé Z, ó sì lè kọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ bí lẹ́tà bá ti so pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tí àkókò sì ń lọ, gbogbo rẹ̀ a dàrú mọ́ ọn lójú. Yúrò 50 ni à ń san nígbàkígbà tó bá tún un ṣe, láìka owó ọkọ̀.

A bẹ àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú ìdánwò ìwé kíkà. Wọ́n ní kó tún gbìyànjú sí i. Ọmọ wa tí mo fi sílẹ̀ ní ọmọ ọwọ́ ti wọ ilé ìwé. Ojú fóònù ló ti mọ̀ mí.

N kò ní kí ẹ pa ìdánwò rẹ́. Ó yẹ kí àlejò gbọ́ èdè ìlú tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ àwọn méjì kan lórí ìdánwò yìí gan-an, ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ìdánwò, ó sì pàṣẹ pé kí ẹ wo ọjọ́ orí, àìsàn, àìmọ̀wé àti ipò ẹni tó ti sa gbogbo ipá rẹ̀. Ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún fáìlì rẹ̀ yẹ̀ wò. Lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú ìdánwò ìwé kíkà, kó wá máa kọ́ ìwé kíkà lọ ní Rotterdam lọ́dọ̀ mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn.