Orógbó Ṣàngó Ń Tán Nínú Igbó



Ní ọdún 2023, àjọ UNESCO kọ Ọdún Ṣàngó ti ìlú Ọ̀yọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún aráyé. Inú wa dùn, a lu bàtá, a jó. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn wà tí ohun ìní Ṣàngó wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọminú sí. Àjọ IUCN, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń run lágbàáyé, ti ka igi orógbó mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2011 pé ó ti tán nínú igbó. Èyí tí ọmọ ènìyàn gbìn sí oko àti àgbàlá nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Ṣàngó, n'Ìbàdàn níhìn-ín. Orúkọ Ọba Kòso ni àdúgbò wa ń jẹ́; Ọba Kòso kì í sì í gba obì, orógbó ni tirẹ̀. Orógbó la fi ń sọ ọmọ lórúkọ, òun la fi ń ṣe ìdána, òun la fi ń wúre kí a lè gbó, kí a tọ́. Bí a bá rà á ní ọjà Bódìjà, a kì í bi àwọn ìyá tó ń tà á léèrè ibi tí igi rẹ̀ wà.

Kí ló ń pa igi náà? Àwọn kan ń ṣán igbó fún oko àti ilé. Àwọn kan ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo, àwọn mìíràn ń wú gbòǹgbò rẹ̀ fi ṣe pákò, igi a sì kú lóòró. Àwa náà ńkọ́? Hóró tí à ń jẹ ni irúgbìn rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò sì yá sí àtigbìn ín, nítorí ó lè pẹ́ ní oṣù mélòó kan kí ó tó hù, ó sì lè tó ọdún 10 kí ó tó so.

Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí gbogbo ilé òrìṣà ni pé kí wọ́n gbin orógbó ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Kẹjọ, kí òjò ọdún tó kásẹ̀ nílẹ̀. Kí a má gbin ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí igi orógbó ní akọ àti abo. Bí a bá bó èèpo ara hóró kí a tó gbìn ín, á tètè hù. Bí sìmẹ́ǹtì bá sì ti bo gbogbo àgbàlá wa ní Ṣàngó, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí abà àwọn baba wa.

Ẹni tó gbìn ín lónìí lè má jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò fi í sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà.