Èwo Ló Jìnnà Jù: Lọ́ńdọ̀nù Tàbí Salvador?

Bí ẹ bá dúró sí ọjà Ayépé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ẹ bi ẹni mẹ́wàá léèrè pé èwo ló jìnnà sí wa jù, Lọ́ńdọ̀nù ni tàbí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì, mo gbà pé Salvador ni gbogbo wọn yóò mú. Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé Heathrow, bí ẹyẹ ṣe ń fò, nǹkan bíi 5,000 kìlómítà ni. Láti Ìkẹjà kan náà dé Salvador, nǹkan bíi 5,100 ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìrìn ọkọ̀ láti Ayépé dé Ìkẹjà lọ.

Ọkọ̀ òfurufú tí ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan yóò lo wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ní ọ̀nà méjèèjì, bí a bá ro ìgbéra àti ìbalẹ̀ mọ́ ọn. Ti Lọ́ńdọ̀nù rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ti Salvador ńkọ́? Ẹni tó bá gba Paris yóò fò tó 4,700 kìlómítà lọ sí àríwá, yóò jókòó dúró, yóò tún fò tó 8,000 padà sí gúúsù. Wákàtí méje di odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ibùsọ̀ ni àwọn baba wa fi ń wọn ọ̀nà, èyí ni ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó sinmi. (Lónìí, máìlì nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.) Ibùsọ̀ ló sọ Salvador di ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe òkun.

Ohun tó ká mi lára ni pé kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ onígbòkun ń ti Èkó lọ sí Bahia tààrà, láìya Yúróòpù. Gbogbo ẹrù wọn kọ́ ló dùn ún sọ, nítorí ènìyàn wa ni wọ́n ń dè lọ. Ṣùgbọ́n epo pupa, obì àti aṣọ híhun bá wọn lọ, tábà sì ń bá wọn bọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, John Adams, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1823 pé aṣọ Ìjẹ̀bú wà lára èyí tí wọ́n ń rà lọ sí Bràsíìlì. Àwọn tó sì rí ọ̀nà padà wá ló tẹ Pópó Àgùdà dó ní Èkó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà àti Bràsíìlì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú, São Paulo sì ni gbogbo ẹnu ń pè. N kò bá wọn jà, ibẹ̀ ni owó wà. Ṣùgbọ́n São Paulo fi ohun tó ju 1,200 kìlómítà jìnnà sí wa ju Salvador lọ, Salvador sì ni wọ́n ti ń fi èdè wa kọrin fún Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja títí di òní.

Àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò ní èrò kò pọ̀ tó. Èrò wo ni yóò pọ̀ lójú ọ̀nà tí kò tíì sí? Kí wọ́n fi àsìkò ọdún dán an wò: kí ọkọ̀ kan gbé àwọn ará Bahia wá síbi ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù kẹjọ, kí òmíràn sì gbé àwa náà lọ síbi ọdún Yemọja tí Salvador ń ṣe ní ọjọ́ kejì oṣù kejì. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ wa mélòó kan bá jọ háyà ọkọ̀ náà, a ó mọ iye ẹni tí yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì.