Kótà Kì Í Ṣe Ọjà Títà: Ẹ Má Tíì Pe Ọmọ Náà Lólè

Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ kan ní Abẹ́òkúta ló ti wá. Akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní ìwé tí àwọn ń kọ owó àjọ àti ẹ̀yáwó sí ti ń ya, òjò sì ti ba ọ̀kan jẹ́ nínú rẹ̀, ni àwọn bá bẹ ọmọkùnrin kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà pé kó bá àwọn kó gbogbo rẹ̀ sí cloud. Wọ́n sanwó iṣẹ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní "kótà ti tán ní South Africa," ó sì ní kí wọ́n tún mú ₦30,000 wá kí òun fi ra kótà kún un. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ní kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìyá wá ń bi mí pé: "Ṣé nǹkan tó ń jẹ́ kótà wà lóòótọ́, àbí ọmọ yìí ti jẹ owó wa?"

Ìyá mi, kótà wà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í rà á.

Cloud tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn, kò sí lójú sánmà rárá. Ilé ńlá ni, tó kún fún kọ̀ǹpútà tọ̀tún tòsì, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tọ̀sán tòru. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Amazon, Microsoft àti Google ló kọ́ ọ káàkiri ayé, wọ́n sì ń fi àyè inú rẹ̀ háyà fún èèyàn. Agbègbè tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ni wọ́n ń pè ní region. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní i ní South Africa: Microsoft ṣí tirẹ̀ ní 2019, Amazon ṣí ti Cape Town ní 2020, Google ṣí ti Johannesburg ní 2024. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi máa ń sáré lọ síbẹ̀.

Ẹ wá wò ó báyìí. Region kọ̀ọ̀kan dà bí ọjà tó ní ìyálọ́jà tirẹ̀. Ẹ lè ní ìsọ̀ mẹ́wàá tó ṣófo ní Kútọ̀, ìyẹn ò ní kí wọ́n fún yín ní ẹyọ kan ní Bódìjà. Iye ìsọ̀ tí wọ́n gbà kí ẹnì kan ní nínú ọjà kan ni kótà. Amazon, fún àpẹẹrẹ, fi 40 ṣe iye dátábéèsì tí àkáǹtì kan lè ní lórí RDS nínú region kan, àfi tí onítọ̀hún bá bẹ̀bẹ̀ fún àlékún. Wọ́n ṣe é kí ẹnì kan má baà gba gbogbo àyè mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́, kí olè tó bá jí àkáǹtì yín má sì fi òru kan ṣoṣo dá gbèsè sí yín lọ́rùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nìyí o. "Kò sí àyè" tí kọ̀ǹpútà ń sọ, oríṣiríṣi ni, ṣùgbọ́n kótà làwọn ọmọ wa ń pe gbogbo rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ìsọ̀ tiyín ló kún lóòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn dátábéèsì tí ọmọ fi ń dánra wò, tí kò pa rẹ́, ló kún ibẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn dá dúró kò kúrò nínú ìṣirò: ní RDS yẹn, ó ṣì ń gba àyè nínú kótà, owó ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ ṣì ń lọ, tó bá sì pé ọjọ́ méje, á tún tan ara rẹ̀ padà. Kó ṣe ẹ̀dà ohun tó bá wúlò, kó pa ìyókù rẹ́.

Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ọjà ni wọn ò ṣí fún un. Microsoft a máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé agbègbè báyìí kò gba dátábéèsì SQL tuntun lọ́wọ́ àkáǹtì yìí lásìkò yìí. Tó bá pa ọgọ́rùn-ún dátábéèsì rẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ò ní ṣí. Kó kọ̀wé sí wọn fún àyè ìwọlé ni, tàbí kó gba region mìíràn lọ. Cape Town ti Amazon ńkọ́? Títì ni wọ́n ń tì í fún àkáǹtì, olówó àkáǹtì ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i nínú ètò àkáǹtì rẹ̀. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Ìgbà mìíràn, ọjà ló tán. Ẹ rántí ìgbà tí èèyàn mú tíkẹ́ẹ̀tì dé dípò epo, tí táǹkì ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni: kótà yín wà, ṣùgbọ́n irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń fẹ́ ò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó mú ìwọ̀n mìíràn, tàbí kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

₦30,000 ńkọ́? Ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àlékún kótà, inú àkáǹtì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ kí n má puró mọ́ ọmọ náà. Bí àkáǹtì ọ̀fẹ́ tí Microsoft fi ń fa oníbàárà mọ́ra ló lò, wọn kì í fi kótà kún irú yẹn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i sí èyí tí èèyàn ń sanwó ìlò sí, ìyẹn sì ń fẹ́ káàdì báńkì tí owó wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó yẹn ló ń wá, tí kò mọ bó ṣe máa là á yé yín. Owó ìlò nìyẹn, kì í ṣe owó kótà, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ pè é wá jẹ́ẹ́jẹ́, láìpariwo. Kó ṣí kọ̀ǹpútà níwájú ìgbìmọ̀, kó fi ọ̀rọ̀ tó yọ lójú rẹ̀ hàn yín, ẹ sì mú ọmọ ẹlòmíràn tó kàwé jókòó tì í kó kà á. Kó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọ hàn pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá rí èyíkéyìí fi hàn, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ẹ tún bi í pé orúkọ ta ni àkáǹtì ń jẹ́. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju kótà lọ: bó bá jẹ́ orúkọ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo owó àjọ yín máa wà lákọsílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó jẹ́, kí ẹ̀yin àti alága mọ ọ̀nà àtiwọlé.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé South Africa ni dandan? Láti Èkó dé Johannesburg ju 4,000 kìlómítà lọ, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ìwé àjọ lè wà ní Yúróòpù kó má sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òkè òkun ni méjèèjì lójú òfin ìdáàbòbò dátà tí ìjọba wa ṣe ní 2023, nítorí náà kí ọmọ náà ka òfin yẹn kó tó kó orúkọ èèyàn lọ síbikíbi. Kó sì yàn dáadáa, torí kíkó dátábéèsì láti region kan sí òmíràn lẹ́yìn ọ̀la, ìṣòro ni.

Ẹ má fún un ní ₦30,000 yẹn títí ẹ ó fi rí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ sì máa kọ ìwé yín lọ, ẹ gbé e kúrò níbi tí òrùlé ti ń jò. Bó bá ti fi nọ́ńbà ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn hàn yín, ẹ kọ èsì tí wọ́n fún un ránṣẹ́ sí mi.