Ẹ Yé Kó Ohùn Lé Ohùn Mọ́

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú. Kò burú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ tìtorí ẹ̀ bá yín jà yìí, mo ti dá a jù yín lọ.

Layer ti pọ̀ jù. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ sí òde ìsìnkú, ẹ lọ síbi ìkómọ, ohùn kan náà lẹ máa bá níbẹ̀: piano, strings gùn ún lẹ́yìn, pad gun strings lẹ́yìn, ohùn akọrin inú ẹ̀rọ wá jókòó sórí gbogbo wọn bí àlejò tí ò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé.

Ẹni tí ò bá tẹ kíbọ́ọ̀dù rí, ọ̀rọ̀ náà ò le. Tá a bá ní split, a pín kíbọ́ọ̀dù sí méjì: ọwọ́ òsì ń lu báàsì, ọwọ́ ọ̀tún ń lu piano, ààlà sì wà láàrin wọn téèyàn lè sún síwá sẹ́yìn. Layer ní tiẹ̀, ìka kan lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, ohùn méjì tàbí mẹ́ta á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Split ń pín ilẹ̀, layer ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Láyé ọjọ́sí, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ máa ń kìlọ̀ fúnni. Yamaha DX7 tó jáde ní 1983, ohùn kan ṣoṣo ló ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ layer, àfi kó fi wáyà MIDI so ó mọ́ kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Roland D-50 ti 1987 ní split, ó ní layer, àmọ́ nóòtì 16 péré ló lè dún pa pọ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kó ohùn méjì lé ara wọn, ó di 8 nìyẹn. Ọ̀kánjúwà ní iye tó ń náni nígbà yẹn. Lónìí, kíbọ́ọ̀dù tó ń gbé nóòtì 128 pọ̀ lọ́jà, kò sí ẹni tó ń ṣírò nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọjọ́ tójú mi là. Ìsìn ìkórè ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ. Bàbá kan ń lu gángan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ti to piano, strings àti pad, mo gbé gbogbo ẹ̀ sókè, orí mi ń wú. Nígbà tí ìsìn parí, bàbá pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ki ìyá olóyè yẹn láti ilé bàbá ẹ̀ títí dé ilé ọkọ ẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìwọ lo daṣọ bo ìlù mi.”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn kì í gbowó oṣù. Owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú ló ń gbé lọ sílé, ẹni tí ò bá sì gbọ́ oríkì ara ẹ̀ ò ní dìde wá náwó. Mo gbowó tèmi lọ́jọ́ yẹn. Bàbá ò rí nǹkan kan gbé lọ.

Kí ló fà á? Gángan ò ní ẹnu. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá gba ohùn lẹ́nu ẹ̀, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di ohun kan náà. Àárín gbùngbùn ibi tí ìlù yìí ti ń yí ohùn padà gan-an ni strings àti pad fẹ́ràn láti jókòó sí. Piano ṣì sàn. Ó máa ń dún, á sì máa kú lọ, àlàfo á wà tí ìlù lè gbà wọlé. Pad kì í kú. Tí ìka bá ṣì wà lórí ẹ̀, ó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó kún gbogbo yàrá.

Àwọn kan á ní, “Layer ló ń jẹ́ kí orin kún, jàre.” Kún fún kí ni? Ọbẹ̀ tí wọ́n da Maggi mẹ́wàá sí náà kún. Ẹ wo ẹgbẹ́ dùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń sáré nídìí tiẹ̀, àwọn tó kù ń gbè é. Kò sí ẹni tó gun ẹnì kejì lẹ́yìn, orin náà sì kún. Ẹ gbọ́ Afrobeat Fela: báàsì ní ọ̀nà tiẹ̀, gìtá kan ń tún gbólóhùn kékeré kan pè, gìtá kejì ń dá a lóhùn. Pínpín la mọ̀ látilẹ̀ wá.

Àwọn mìíràn á yí i padà, wọ́n á ní split tí mò ń gbè lẹ́yìn yìí náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta báàsì. Ìyẹn lọ́rọ̀ nínú, mi ò ní parọ́. Ìgbìmọ̀ kan sọ fún mi rí pé, “Ṣebí kíbọ́ọ̀dù ń ṣe báàsì náà,” mo dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi sì jókòó sílé. Ojú ń tì mí títí dòní. Àmọ́ àwọn tó di àpò owó mú ló pinnu ìyẹn, kì í ṣe bọ́tìnnì. Níbi tí oní-báàsì bá wà, ẹ gbé ọwọ́ òsì yín kúrò nílẹ̀ ẹ̀. Níbi tí ò bá sí, ẹ split, kẹ́ ẹ sì rí i pé sustain ò kan ẹ̀gbẹ́ báàsì, torí tẹ́ ẹ bá ń tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, báàsì á di ẹrẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má layer láéláé o. Orin jẹ́jẹ́ tí kò sí ìlù níbẹ̀, ẹ fi strings sí i, ẹ gbé e lọ sí octave òkè, ẹ rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ títí táwọn èèyàn ò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá yọ ọ́. Tí ìlù bá ti wọlé, ẹ pa á.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo pa tèmi, ó ku piano nìkan. Olórí akọrin bojú wò mí bíi pé iná lọ. Bàbá fa gángan mọ́ra, ó sọ gbólóhùn kan péré, ìyá àgbà kan láàrin èrò sì ti ń tú ìdí gèlè ẹ̀ wá owó.