Àwọn Ìyá Tí Ó Wà Ní Ìlú Ọba Àti Àwọn Ọmọ Wọn Tí Ó Wà Lọ́dọ̀ Wa

Ìyá àgbà kan ní Òkè-Odò níhìn-ín tọ̀ wá wá ní àìpẹ́ yìí, tòun ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sì bẹ̀ wá pé kí a kọ ìwé, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, pé baba ọmọ náà ti kú. Baba náà kò kú. Ó wà láàyè ní Ìgàndó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò ti béèrè ọmọ rẹ̀. A kọ̀. Ìyá àgbà náà sunkún, àwa pàápàá kò sì rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà, nítorí a mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí. Ọ̀ràn tí ó lè sún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dé ẹnu irọ́ ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí.

Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni Ìjọba Ìlú Ọba ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àjòjì tí yóò máa tọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera wọn. Àwọn obìnrin wa lọ, láti Ìkọ̀tún, láti Ẹgbẹ́dá, olùkọ́ àti akọ̀wé ilé-ìfowópamọ́ sì wà nínú wọn. Obìnrin tí ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn ni ó ń wẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀ níhìn-ín! Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pàṣẹ pé olùtọ́jú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ gbogbo olùtọ́jú tí ó wà ní òkè òkun.

Ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú àṣẹ ọdún 2024 ṣì lè ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 18 ní ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè. Ṣùgbọ́n bí baba bá wà láàyè tí kò sì bá wọn lọ, àfi kí ìyá fi hàn pé òun nìkan ni ẹrù títọ́ ọmọ náà wà ní ọrùn òun, tàbí kí ó rí ìdí mìíràn tí ó wúwo gidigidi.

Níbí ni ọ̀ràn náà ti ta kókó. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Àwa Yorùbá kò mọ "òun nìkan" nínú ọmọ títọ́. Ìyá àgbà ní í gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn, àbúrò ìyá a fọwọ́ sí ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n baba a ra bàtà ọdún. Ohun tí a fi ń yangàn yìí gan-an ni aláṣẹ tí ó jókòó ti tábìlì lọ́hùn-ún lè kà sí ẹ̀rí pé ìyá ti jọ̀wọ́ ọmọ fún ẹlòmíràn.

Àwa kò jiyàn pé onílé ní ẹ̀tọ́ láti ka iye àlejò tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gba ọwọ́ obìnrin tí yóò máa tọ́jú baba òun, kí ó sì kọ ọmọ tí ó di ọwọ́ náà mú, àwa kò rí ẹ̀tọ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, irọ́ kò lè gbà wá. Bí àṣírí ìwé èké bá tú, ìbéèrè ọmọ di kíkọ̀ nìyẹn, ìwé ìyá pàápàá sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè tí wọ́n ń bẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí, ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ: ta ni ó yan ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ta ni dókítà máa ń pè kí ó tó fún ọmọ ní oògùn, ìgbà wo ni ẹ rí baba kẹ́yìn. Kí àwọn ìyá àgbà sì tọ́jú ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi wọ́n dáná.

Ọmọkùnrin tí a sọ lókè yìí yóò pé ọdún 18 ní oṣù kẹwàá tí ń bọ̀. A ti kọ ìwé fún un. A kọ ọ́ pé baba rẹ̀ kò yọjú fún ọdún mẹ́fà, àti pé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, òun ni ó ń pe olùkọ́ rẹ̀, tí àwa fúnra wa kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́, lórí tẹlifóònù ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, láti béèrè bí ọmọ òun ti ṣe sí.