Ìràwọ̀ Tí O Fi Pamọ́ Sínú Fóònù Rẹ

Nígbà tí a wà ní ọdún kejì, ní alẹ́ tí ìdánwò kékeré kan ku ọ̀la, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa tẹ ọ̀rọ̀ gígùn kan sínú gúrúùpù WhatsApp wa. Ìpajẹ ló ń ṣàlàyé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì yẹn rí mọ ohun tí ojú wa ń rí níbẹ̀. Kí ló dé tí "fọ aṣọ" fi di "fọṣọ", tó jẹ́ pé fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-orúkọ ló lọ, àmọ́ tí "wá owó" di "wówó", tó jẹ́ pé fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló lọ, tí ohùn òkè rẹ̀ sì kọ̀, tí kò bá a lọ? Olùkọ́ wa ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò yé mi. Ọmọbìnrin yìí kọ ọ́ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí á wo ohùn bí èrò inú kẹ̀kẹ́ Márúwá: kẹ̀kẹ́ lè bàjẹ́ lọ́nà, èrò á bọ́ sílẹ̀, á wọ òmíràn, ìrìn àjò ṣì ń bá a lọ. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀.

Mo tẹ ìka mọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo fi ìràwọ̀ sí i, mo kàwé, mo sùn. N kò dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni kò dúpẹ́. Sítíkà ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ẹnì kan béèrè bóyá iná ti dé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹlòmíràn ń polówó lọ́fínńdà, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó jáde kúrò nínú gúrúùpù. Ọjọ́ tí mo bi í léèrè, níbi tí a ti tò sórí ìlà láti ṣe fọ́tòkọ́pì, ó ní, "Mo rò pé mo ń yọ yín lẹ́nu ni." Ó dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́fà, yàtọ̀ sí èmi, ló fi ìràwọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Àwa méje ló gbé e pamọ́, àwa méje ló jẹ nínú rẹ̀, ẹni tó sè é sì gbà pé ẹnì kankan kò tọ́ ọ wò.

Kì í ṣe pé a burú. Bí wọ́n ṣe ṣe ìràwọ̀ WhatsApp nìyẹn. Tí o bá fi ìràwọ̀ sí ọ̀rọ̀, ìwọ nìkan lo rí i. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní gbọ́, àwọn tó kù nínú gúrúùpù kò ní mọ̀. Tí fóònù rẹ bá sọnù láìjẹ́ pé o ti tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn, ìràwọ̀ rẹ bá a lọ nìyẹn. Bí tèmi ṣe lọ nìyẹn, wọ́n yọ fóònù lápò mi nínú bọ́ọ̀sì ní ìsinmi ọdún yẹn. Mo ká ọ̀rọ̀ ìpajẹ yẹn lára ju fóònù lọ. (Irọ́ ni. Fóònù náà dùn mí jù. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ.)

Ẹ wo òde àríyá wa. Nígbà tí onílù bá lu ìlù tó wọ ènìyàn lára, kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ la fi ń yìn ín. A máa dìde, a máa jó lọ bá a, a máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí lójú gbogbo ayé. Onílù mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibi tí òun lù yẹn ló wọlé, á sì padà sí i. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì lẹ́yìn tí kò gbọ́ ìlù tẹ́lẹ̀ á gbé orí sókè. Owó náà ń ran onílù lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lílẹ̀ ẹ ní gbangba ni iṣẹ́ tó kù. Ìràwọ̀ inú WhatsApp dà bí ẹni tó gbádùn ìlù tán, tó wá lọ fi owó tó fẹ́ fún onílù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀.

A ní àmì kejì láyé àtijọ́, ìyẹn ààlè. Ẹni tó bá ṣẹ́ igi jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí kò tíì lè rù ú lọ ilé, á pa ààlè sí i: ìkarahun ìgbín, kùkù àgbàdo, àkísà, ohun tó bá sáà wù ú. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ pé kí òun má fọwọ́ kàn án. Bọ́tìnì tí a fi ń fẹjọ́ ọ̀rọ̀ sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ààlè ni. Ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó sì ṣe mí ní kàyéfì ni pé níbi púpọ̀ tí àwa ọ̀dọ́ ń kó jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ààlè nìkan ni wọ́n fún wa láti fi pe àwọn alábòójútó. Tí ọ̀rọ̀ bá burú, bọ́tìnì wà. Tí ọ̀rọ̀ bá dára débi pé ó yẹ kí gbogbo ilé gbọ́, kò sí bọ́tìnì, àfi kí o fi ọkàn pupa sí i, kí ọ̀rọ̀ náà sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan ti ronú sí i ṣáájú wa. Ìkànnì kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ MetaFilter, láti 1999. Kò tóbi, kò sì wá òkìkí. Dọ́là márùn-ún ni wọ́n máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé nínú àkójọ ìdí tí o lè mú nígbà tí o bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan han àwọn alábòójútó, bí ariwo tàbí èébú ṣe wà níbẹ̀ náà ni "ọ̀rọ̀ yìí dára gan-an" wà. Bọ́tìnì kan náà ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé á tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí iná ti ń jó, á sì mọ ibi tí ọbẹ̀ ti ń ta sánsán. Ẹ rò ó wò bí iṣẹ́ alábòójútó á ṣe rí lára ẹni náà bí ó bá jẹ́ pé ẹjọ́ nìkan ló ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Slashdot ti wà ṣáájú ìyẹn, Rob Malda ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Wọ́n máa ń pín àmì-ẹ̀yẹ díẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé tí ìpín bá kàn lásìkò kan, kí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ ga tàbí kí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, láti òdì ení títí dé 5. Àmọ́ èèyàn ò kàn lè sọ pé "mo fẹ́ràn rẹ̀". Ó gbọ́dọ̀ mú ìdí: ó lóye, ó kọ́ni, ó pani lẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Tí o bá sì ti fúnni ní àmì nínú ìjíròrò kan, tí o wá dá sí ìjíròrò náà, àmì tí o fún wọn á parẹ́. Ẹni tó ń ṣe adájọ́ kì í bá wọn jà. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ìdí tí a mú yẹn ló ń ya ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nínú gúrúùpù tiwa, ọkàn pupa kan náà ni a ń fi sí àlàyé ìpajẹ àti àwòrán ewúrẹ́ tó wọ jígí.

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ Stack Overflow dáadáa. Jeff Atwood àti Joel Spolsky ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Níbẹ̀, ẹni tó béèrè lè fi àmì sí ìdáhùn tó yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo àwọn tó kù náà sì lè dìbò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn tí oníbèéèrè fàmì sí ló ń wà lókè pátápátá, bí ìbò rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ní 2021 wọ́n dá a dúró: èyí tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló ń síwájú báyìí. Mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Oníbèéèrè mọ ohun tó ran òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ìdáhùn tó dára jù lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí oníbèéèrè ti gbàgbé pé òun béèrè ohun kankan.

Ọ̀rọ̀ tilé wa ńkọ́? Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005, ní ojú ìwé iwájú tí àwọn alábòójútó ń yan ọ̀rọ̀ sí. Ó wúlò, ọ̀pọ̀ wa ti ka ohun tí a kò bá má rí láéláé nítorí pé ẹnì kan gbé e síwájú. Ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: ẹni àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ á kọ FTC, àwọn mìíràn á polówó ọjà, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ á dé nígbà tí ọjà ti tú. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn alábòójútó ń yàn síwájú, kì í ṣe ìdáhùn sí i. Ní tèmi, inú ìdáhùn ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà.

Twitter náà ní ìràwọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2015 ni wọ́n sọ ọ́ di ọkàn. Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Ìràwọ̀ lè túmọ̀ sí "èyí ṣe pàtàkì" tàbí "màá padà wá". Ìfẹ́ nìkan ni ọkàn ń sọ. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi ọkàn sí ìròyìn ìjàm̀bá tó yẹ kí gbogbo wa kà? Ní 2018 ni wọ́n tó mú àmì ìpamọ́ wá, ìkọ̀kọ̀ sì ni òun náà.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn lórí èyí, kò gbà fún mi. Ó ní ìkọ̀kọ̀ ló jẹ́ kí àmì jẹ́ òtítọ́, pé tí gbogbo ayé bá ń rí ohun tí o pamọ́, kò ní pẹ́ tí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tó máa mú ọ dà bí ọlọ́gbọ́n mọ́. Ó tún ní ẹni tí a bá ń yìn ní gbangba á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fún ìyìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Àwa náà mọ àwọn tó ń lẹ owó mọ́ onílù nítorí fídíò. Ohun tó sì sọ nípa òtítọ́ ni ìdí tí mo fi ka ìràwọ̀ méje yẹn sí ju àádọ́ta ọkàn pupa lọ: kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe fọ́rífọ́rí. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ̀wé gbọ́dọ̀ gbọ́. Jẹ́ kí fífi ìràwọ̀ sí i wà ní ìkọ̀kọ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, kí á mú un jáde.

Ó tún mẹ́nu kan ohun kan tí mi ò lè jà sí. Ààlè pàápàá, àwọn èèyàn ti ń fi ṣe ibi. Ọmọkùnrin kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka wa kọ ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì kan nípa owó ìwé kékeré tí wọ́n ń tà fún wa, àwọn kan kó ara wọn jọ, gbogbo wọn fẹjọ́ rẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó jí, wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀. Kò kọ irọ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Bí bọ́tìnì ìyìn bá wà, bóyá àwọn náà ì bá kó ara wọn jọ láti máa yin ara wọn. Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí á fi kíkà nìkan ṣe é. Ẹni tó bá yìn gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ohun tí àwa ṣe ní ọdún kẹta kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni WhatsApp ti jẹ́ kí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan kọ́ sókè gúrúùpù fún wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30. Ìkéde owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan la ń kọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A bẹ aṣojú kíláàsì wa, ó gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó bá fẹ́ á ṣí àwọn ìràwọ̀ rẹ̀, á mú ọ̀kan ṣoṣo jáde, á dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, á fi gbólóhùn kan sọ ohun tó ṣe fún òun. O kò gbọ́dọ̀ mú tìrẹ. O kò gbọ́dọ̀ mú ti ẹnì kan náà ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra (nítorí àwọn olólùfẹ́ la ṣe fi òfin yìí sí i, ẹ má bi mí). Igbákejì aṣojú á kó wọn sínú fáìlì Google Docs kan, líǹkì fáìlì náà la wá kọ́ sókè fún ọjọ́ 30. Tó bá pé, a tún un kọ́.

Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ẹni méjì péré ló mú nǹkan wá. Ọ̀sẹ̀ kan, ìlànà bí a ṣe ń se ẹ̀wà láìlo gáàsì púpọ̀ ló borí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kẹta nítorí àkópọ̀ ìwé kan tó ṣe, láti ìgbà náà ló ti ń fi àkópọ̀ ránṣẹ́ ṣáájú ìdánwò. Àwọn ọmọ ọdún kejì ti gba líǹkì fáìlì náà lọ́wọ́ wa.

Ti ìpajẹ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, àwọn mẹ́fà tó kù ti pa gúrúùpù ọdún kejì rẹ́. Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo rántí, mo fi orúkọ ọmọbìnrin náà sókè rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò fèsì fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó dá a padà. Ó ti tún àpẹẹrẹ méjì ṣe níbi tí mo ti ṣi ohùn fi sí, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ta ló sọ fún ẹ pé bọ́ọ̀sì ni mo sọ? Kẹ̀kẹ́ ni."