Ẹ̀yin Ọ̀gá Tekken, Ẹ Wá Kọ́ Eré Ìjà Mìíràn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ géèmù ni. Àwa tí a ń kọ èyí jẹ́ ọmọ agbègbè Tchaourou, a sì fẹ́ràn eré ìjà orí tẹlifíṣọ̀n: Tekken, Mortal Kombat, Street Fighter àti àwọn tó kù. Ohun tí a ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni tó ti mọ ọ̀kan nínú àwọn eré wọ̀nyí dáadáa wá kọ́ òmíràn mọ́ ọn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín wa gan-an nìyí. Ẹni tó ń gbá Tekken yóò ní Mortal Kombat kì í ṣe eré, ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Ẹni tó ń gbá Mortal Kombat yóò ní Street Fighter ti gbó, eré àwọn ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti di mànẹ́ẹ̀tì mú gbá eré tí wọ́n ń bú yìí, wọn yóò dákẹ́.

Ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé ìlú wa kì í ṣe ìlú elédè kan. Tchaourou wà lójú títì ńlá tó ti Cotonou lọ sí Parakou, oríṣiríṣi ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀. Ọmọ ìlú wa lè fi Nàgó kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kó fi Baatonum ra iṣu lọ́jà, kó fi Faransé dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, kó sì gbọ́ díẹ̀ nínú èdè Fúlàní lẹ́nu ìyá tó ń ta wàgáṣì. Kò sí ẹni tó ń fi èdè kan ṣoṣo yangàn níbẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń di elédè kan nígbà tí a bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti iye ènìyàn. Eré ìjà kò dà bí eré tí èèyàn lè máa dá gbá. Òótọ́ ni pé a lè bá ẹ̀rọ jà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé adùn rẹ̀ wà nínú ìjà ènìyàn sí ènìyàn. Ká ní ènìyàn 10 ló ń gbá eré ìjà ní àdúgbò kan. Mẹ́rin fara mọ́ Tekken nìkan, mẹ́ta fara mọ́ Mortal Kombat nìkan, mẹ́ta tó kù fara mọ́ Street Fighter nìkan. Ẹni tó wà nínú Tekken ní alátakò 3, àwọn yòókù ní 2 péré. Tí gbogbo wọn bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olúkúlùkù ní alátakò 9. Ní ìlú ńlá tí àwọn òṣèré ti pọ̀ rẹpẹtẹ, èèyàn lè jókòó ti eré kan títí ayé kó má sì ṣàìrí ẹni bá jà. Ní ìlú bíi tiwa, bí ẹni méjì nínú mẹ́ta bá lọ kàwé ní Parakou tàbí ní Abomey-Calavi, eré náà ti kú ní àdúgbò nìyẹn. Ẹnì kan tó kù dà bí ẹni tó ń sọ èdè tí kò sí ẹni tí yóò fi dá a lóhùn mọ́. Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo irú ikú bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì ni òye. Eré ìjà kọ̀ọ̀kan ní gírámà tirẹ̀. Nínú Tekken, bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà fún ìjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ẹ̀yà ara kan: ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Street Fighter II tí Capcom gbé jáde ní 1991 kò ka apá òsì àti ọ̀tún sí; bí ìlù ṣe wúwo tó ló kà sí. Bọ́tìnnì mẹ́fà ló ní: ìkúùkù mẹ́ta àti ìpá mẹ́ta, èyí tó fúyẹ́, èyí tó wà láàárín àti èyí tó le. Virtua Fighter ti 1993 ní mẹ́ta péré: ọ̀kan fún ìkúùkù, ọ̀kan fún ìpá, ọ̀kan fún ìdáàbòbò. Nínú Tekken àti Street Fighter, tí èèyàn bá fẹ́ dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò fà sí. Nínú Mortal Kombat, láti ìgbà tó ti jáde ní 1992, bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ̀yin náà ti rí irú èyí nínú ẹ̀kọ́ wa. Yorùbá ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Baatonum náà ń lo ohùn, ṣùgbọ́n ó tún pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Èdè Fúlàní ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-orúkọ tó pọ̀ jaburata, síbẹ̀ kò lo ohùn láti fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan lè rò pé dandan ni kí èdè ènìyàn ní ohùn. Ọjọ́ tó bá pàdé èdè Fúlàní ni yóò tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni ohùn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tó mọ Tekken nìkan ṣe rò pé fífà sẹ́yìn ni ìdáàbòbò. Kò rò ó rí pé ẹnì kan ló jókòó yan ọ̀nà yẹn, pé ẹlòmíràn sì yan ọ̀nà mìíràn.

Ìjà ojúkojú pàápàá kò ní ìlànà kan ṣoṣo nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú dambe àwọn Haúsá, ọwọ́ kan tí wọ́n dì ni wọ́n fi ń lù, èkejì dúró bí asà. Nínú evala àwọn Kabiyè ní Togo, ìgbéṣánlẹ̀ ni. Ní Senegal, irú laamb kan wà tó fàyè gba ìkúùkù mọ́ ìjàkadì. Eddy Gordo tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn nínú Tekken 3, capoeira ló ń jà, ìjà tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil dá sílẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé ọ̀kan nínú gbogbo wọn ni ìjà, àwọn yòókù kì í ṣe ìjà?

A mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Bí èdè àbínibí ṣe máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ nínú èdè àkọ́kúntẹni, bẹ́ẹ̀ ni eré àkọ́kọ́ ṣe ń ṣe. Ọ̀gá Tekken tó bá wọ Mortal Kombat yóò máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn láti dènà, ìkúùkù yóò sì máa bà á lẹ́nu, nítorí pé ìrìn àrìnsẹ́yìn lásán ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 lè nà án níwájú gbogbo ilé géèmù. Àwa gbà pé ibí gan-an ni ìṣòro wà. Kì í ṣe pé eré kejì kò dára. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní ọ̀gá kò fẹ́ padà di ọmọdé ni. Ó rí bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ sọ Baatonum lọ́jà nítorí kí wọ́n má baà fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bẹ̀rù ẹ̀rín kò ní gbọ́ èdè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹrù lèèyàn ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Mímọ bí alátakò ṣe jìnnà tó ń bá èèyàn lọ. Sùúrù ń bá èèyàn lọ. Kí alátakò ju ìkúùkù sáfẹ́fẹ́, kí a sì fìyà jẹ ẹ́ kó tó kó ọwọ́ rẹ̀ jọ, ìyẹn náà ń bá èèyàn lọ. Ìkúùkù tó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jagunjagun Tekken ń gba ìdá 10 tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 60. Ẹni tó ti mọ irú ìṣirò yìí yóò tètè béèrè fún un nínú eré tuntun. Nǹkan tó lò fún oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kíní, kò ní gbà á tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wo Arslan Siddique, ọmọ Lahore ní Pakistan, tí wọ́n ń pè ní Arslan Ash. Ní 2019, ó gba ipò kìíní Tekken 7 ní Evo Japan, ó sì tún gbà á ní Evo ti Las Vegas lọ́dún kan náà. The King of Fighters ló ń gbá tẹ́lẹ̀ kó tó gbájú mọ́ Tekken. Ẹ tún wo SonicFox ti Amẹ́ríkà, tó gba ipò kìíní ní Evo nínú Injustice ní 2014, Mortal Kombat X ní 2015, Dragon Ball FighterZ ní 2018, Mortal Kombat 11 ní 2019 àti Skullgirls ní 2022. Eré márùn-ún, ọwọ́ kan náà.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àwa náà kò ní kí ẹ lé méjì pọ̀. Ẹ pa èkínní kí ẹ tó lé èkejì. Ẹni tí kò tíì mọ bó ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀ nínú eré àkọ́kọ́, kó jókòó tì í. Àwọn mìíràn yóò ní owó dà? Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Tekken 3 dé orí PlayStation ní 1998. Tekken 8 ti ọdún 2024 kò ṣiṣẹ́ lórí PlayStation 4 rárá. Ẹni tó so gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ orúkọ kan yóò máa sáré tẹ̀lé ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò ká. Ẹni tó mọ eré ìjà lóríṣiríṣi yóò bá ènìyàn jà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ èyíkéyìí tó bá bá nílẹ̀.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹ yan jagunjagun kan ṣoṣo nínú eré tuntun náà, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìdáàbòbò, ẹ wá kọ́ ìlù mẹ́ta péré. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ yín, kí ẹ̀yin náà sì kọ́ ọ ní tiyín, bí ọmọ Nàgó àti ọmọ Bàrìbá ṣe ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ní ilé géèmù, tí ẹ bá sanwó wákàtí kan, ẹ ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún eré tí ẹ kò mọ̀. Wọn yóò nà yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìsinmi ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wa yóò sì padà sílé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń kọjá ní Tchaourou, ẹ mú eré tiyín dání. Àwa yóò mú tiwa wá.